Bọ́lẹ̀kájà Ti Kásẹ̀ Nílẹ̀, Ìjà Ló Kù

Ojú lọ̀rọ̀ wà, bẹ́ẹ̀ ni àwọn baba wa wí. Bí ọmọdé méjì bá ń ṣe gbólóhùn asọ̀ lójú agbo, èyí tí ọ̀rọ̀ ká lára nínú wọn a ní, "Wò mí lójú kí o tún un sọ!" Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ẹnìkejì kì í lè tún un sọ mọ́. Kì í ṣe pé ẹ̀rù bà á. Ọ̀rọ̀ tí ó dùn ún sọ lẹ́yìn ènìyàn a máa wúwo lẹ́nu nígbà tí ojú bá di mẹ́rin. Àwa tí a wà ní òkè òkun yìí ti ń bá ara wa sọ̀rọ̀ láìwo ojú fún ìgbà pípẹ́. Iṣẹ́ kì í jẹ́ kí a rí ara wa, ọ̀nà jìn, òtútù pọ̀, fóònù sì wà lọ́wọ́. Nínú oṣù Kejìlá tí ó kọjá, ọ̀rọ̀ kan ṣẹlẹ̀ lórí WhatsApp ẹgbẹ́ wa tí ọ̀pọ̀ ẹ̀yin òǹkàwé fi ojú ara yín rí. Àwa tí a ń kọ̀wé yìí sì wà nídìí rẹ̀, kò yẹ kí a fi pa mọ́. A ó dé orí rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí a tó débẹ̀, a fẹ́ kí ẹ bá wa wo ìjà kan tí ó ti tó àádọ́ta ọdún, nítorí pé ìjà náà ni a ń kà lọ́wọ́ nígbà tí tiwa ṣẹlẹ̀, òun ló sì jẹ́ kí ojú ti wá.

Àwọn àgbà tí ó wà láàárín wa yóò rántí mọ́tò tí à ń pè ní bọ́lẹ̀kájà. Àwa kò wọ̀ ọ́ rí; mólùé ni a bá láyé. Bí baba wa ṣe sọ ọ́ fún wa ni pé lọ́rì tí a fi pákó kan ara rẹ̀ ni, èrò a máa gba ẹ̀yìn wọlé, wọ́n a sì jókòó lórí bẹ́ǹṣì ní ìfarakínra. Orúkọ rẹ̀ ti inú ìwà àwọn ọmọ ọkọ̀ jáde. Bí èrò àti kọ̀ndọ́kítọ̀ bá ń fa ọ̀rọ̀ owó, tàbí bí ọmọ ọkọ̀ méjì bá ń du èrò kan ṣoṣo, ohun tí ẹ ó gbọ́ ni, "Bọ́ọ́lẹ̀ ká jà!" Ẹ kíyè sí i pé orúkọ náà kò sọ pé "jókòó síbẹ̀ kí n máa bú ọ." Ó ní kí o sọ̀kalẹ̀. Ó ní kí àwa méjèèjì jọ jà. A ó tún padà sórí gbólóhùn yìí.

Ní ọdún 1975, àwọn ọ̀mọ̀wé mẹ́ta kan, Chinweizu, Onwuchekwa Jemie àti Ihechukwu Madubuike, kọ àpilẹ̀kọ gígùn kan tí wọ́n fi kọ lu àwọn akéwì ilẹ̀ wa tí ń fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kéwì. Wọ́n ní ewì wọn lọ́jú jù, pé àwọn akéwì Òyìnbó ni wọ́n ń sín jẹ, pé àrùn Hopkins ló ń ṣe wọ́n, ìyẹn Gerard Manley Hopkins, akéwì ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tí ó kú ní ọdún 1889. Wọ́n ní orin àti ewì àtẹnudẹ́nu àwọn baba wa kò rí bẹ́ẹ̀, pé ó mọ́ gaara, ó sì yé ẹni tí a kọ ọ́ fún. Wọlé Ṣóyínká ni ẹgba náà ba jù. Inú ìwé àtìgbàdégbà tí ń jẹ́ Transition, nọ́ńbà 48, ni àpilẹ̀kọ yìí ti jáde. Rajat Neogy ló dá Transition sílẹ̀ ní Kampala ní ọdún 1961, ṣùgbọ́n nígbà tí à ń wí yìí Accra ló ti ń jáde. Ta sì ni olóòtú rẹ̀ nígbà náà? Ṣóyínká kan náà ni. Ẹni tí wọ́n ń bú ló tẹ èébú náà jáde fún wọn. Nínú nọ́ńbà 48 yẹn gan-an ló sì ti fún wọn lésì, tí ó fi jẹ́ pé ẹni tí ó bá ra ẹyọ kan ti ra ìjà náà tọ̀tún tòsì.

Ẹ má rò pé èsì náà tutù. Orúkọ tí Ṣóyínká fún un ni "Neo-Tarzanism." Ẹ̀yin tí ẹ wo sinimá ní èwe yín mọ Tarzan, ọkùnrin aláwọ̀ funfun tí ń fò láti orí igi dé orí igi nínú igbó Áfíríkà tí kò sí níbì kankan. Ohun tí ó ń sọ fún àwọn mẹ́ta wọ̀nyí ni pé Áfíríkà tí wọ́n ń gbè lẹ́yìn, Áfíríkà inú sinimá ni. Ó ní Áfíríkà tí òun mọ̀ ní ère idẹ, ó sì ní ọkọ̀ ojú irin àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Kò sí ẹni tí yóò gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí tí inú rẹ̀ yóò dùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn mẹ́ta náà sọ ọ̀rọ̀ wọn di odindi ìwé ní ọdún 1980, tí a tẹ̀ ní Enugu, wọ́n gba ìjà náà ní orúkọ rẹ̀ tààrà: wọ́n ní bọ́lẹ̀kájà ni àwọn, àwọn àgbérò tí inú ń bí ní ibùdókọ̀ lítíréṣọ̀ Áfíríkà.

Ibi tí ó mú wa rẹ́rìn-ín nìyí, tí ó sì tún mú wa ronú. Ọmọ Íbò ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọmọ Yorùbá ni wọ́n ń bá jà. Ọ̀rọ̀ Yorùbá ni wọ́n yá láti fi pe ara wọn. Kò sì sí ẹni tí ó lè sọ pé ìjà ẹ̀yà ni, nítorí Christopher Okigbo tí wọ́n bá wí nípa àwọn ewì rẹ̀ ìṣáájú, ọmọ Íbò bíi tiwọn ni, ogun abẹ́lé sì ti pa á ní ọdún 1967, J. P. Clark tí wọ́n tún bá wí, ọmọ Ijaw ni. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n yin Okigbo níbi tí wọ́n rò pé ó ti ṣe dáadáa, nínú àwọn ewì tí ó kọ gbẹ̀yìn.

A kì í ṣe ọ̀mọ̀wé lítíréṣọ̀. Ìṣirò owó ni iṣẹ́ wa, ní orílẹ̀-èdè yìí ni a sì ti kọ́ ọ. Ohun tí ẹni tí ń yẹ ìwé owó wò máa ń kọ́kọ́ bèèrè ni rísíìtì. O ní ẹnìkan ná owó ní ìnákúnàá: ìlà wo? ọjọ́ wo? ẹ̀rí dà? Nígbà tí a ka àpilẹ̀kọ méjèèjì, ohun tí a wò nìyẹn, a sì rí i. Bí àwọn mẹ́ta náà bá ní ewì kan lọ́jú, wọ́n á fa ìlà rẹ̀ yọ, wọ́n á gbé e síwájú yín. Ṣóyínká náà á mú gbólóhùn tiwọn, á yẹ̀ ẹ́ wò, kí ó tó na pàṣán. Èébú wà níbẹ̀, ó pọ̀ rẹpẹtẹ, ṣùgbọ́n orí ohun tí ẹnìkejì kọ ní ti tòótọ́ ni ó dúró lé. Ìwọ tí o ń kà á lè gbé e lé ìwọ̀n fúnra rẹ, kí o sì dájọ́ tìrẹ.

Àwa dájọ́ tiwa. A rò pé àwọn mẹ́ta náà ṣì í níbi tí wọ́n ti ní ewì àtẹnudẹ́nu wa kò lọ́jú. Ta ni yóò gbọ́ ẹsẹ Ifá tí yóò ní ó rọrùn? Ọ̀pọ̀ ọdún ni ọmọ awo fi ń kọ́ ọ lẹ́sẹ̀ bàbáláwo. Oríkì orílẹ̀ tiwa ńkọ́? A bi ìyá wa léèrè nígbà kan nípa ìlà kan nínú oríkì tí wọ́n máa ń kì wá láàárọ̀, pé kí ni ìtumọ̀ rẹ̀. Wọ́n ronú títí, wọ́n ní, "Bí a ṣe gbọ́ ọ nìyẹn." Ṣùgbọ́n a kò lè parọ́: nígbà tí a wà ní yunifásítì níbí, a yá "Idanre" Ṣóyínká ní ilé ìkàwé, nítorí pé a fẹ́ ka ohun tí ọmọ ilẹ̀ wa kọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni a bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni a dá a padà láìkà á tán. Lọ́jọ́ yẹn, bí àwọn bọ́lẹ̀kájà bá ń pe èrò, à bá wọ ọkọ̀ wọn.

Ẹ má jẹ́ kí a fi oyin sí i jù. Ìjà náà kò parí sí ìdìmọ́ra. Chinweizu kò dẹ̀yìn lẹ́yìn Ṣóyínká. Nígbà tí ẹ̀bùn Nobel dé ní ọdún 1986, tí gbogbo ilé ń jó, ó ṣì ń bá a wí. Ṣóyínká náà kò gbàgbé. Ó kó èsì rẹ̀ àtijọ́ yẹn sínú ìwé "Art, Dialogue and Outrage" tí ó jáde ní ọdún 1988. Ọmọ ọkọ̀ bọ́lẹ̀kájà gidi náà, eyín a máa kán níbẹ̀. A kò sọ pé ìjà dára. Yorùbá ní ìjà kò dọlà, orúkọ ní í sọni. Ohun tí a ń wí ni pé orúkọ tí ó sọ wọ́n yẹn, orúkọ wọn gan-an ni, òun ni wọ́n kọ sí ìdí ọ̀rọ̀ wọn.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo ayé ìsinsìnyí. Ní ọdún 2023, nígbà ìbò Nàìjíríà, ẹ̀yin náà rí ohun tí ó wọ inú fóònù yín. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kejì ni wọ́n dìbò ààrẹ, ẹgbẹ́ òṣèlú Labour sì ní ìbò jù lọ ní Èkó. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹta ni ti gómìnà. Láàárín ìbò méjèèjì yẹn, ọ̀rọ̀ tí àwọn ọmọ Yorùbá àti ọmọ Íbò ń sọ sí ara wọn lórí ẹ̀rọ ayélujára kò ṣeé kà sétí ọmọdé. Lẹ́yìn ìbò ni Ṣóyínká, tí ó ti pé ọmọ ọdún méjìdínláàádọ́rùn-ún, bá Datti Baba-Ahmed wí lórí ohun tí ó sọ lórí tẹlifíṣọ̀n Channels. Datti ni ó du ipò igbákejì ààrẹ lábẹ́ ẹgbẹ́ Labour. Ni èébú bá bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ bí òjò. Àwọn tí kò ka ìlà kan rí nínú ìwé bàbá náà ń pè é ní ohun tí a kò lè kọ síbí. Kí ni bàbá náà ṣe? Ó ní kí Datti jẹ́ kí àwọn méjèèjì jọ jókòó níwájú tẹlifíṣọ̀n kan náà, kí wọ́n jọ sọ ọ́. Bọ́ọ́lẹ̀ ká jà! Kò wáyé. Ṣùgbọ́n kí á sọ òtítọ́ fún ara wa, àwọn tí ń gbè lẹ́yìn rẹ̀ lórí fóònù kò sàn ju àwọn tí ń bú u lọ. Àwọn tiwa ni wọ́n ń sọ pé kí àwọn aládùúgbò wa kó ẹrù wọn. Àwọn kan tí wọ́n ń fi í ṣọwọ́ kiri, òkè òkun níbí ni wọ́n wà, nínú ilé tí ó móoru, lábẹ́ òfin orílẹ̀-èdè tí wọ́n fúnra wọn jẹ́ àjèjì sí.

Kí ló dé tí ẹnu fi ń tú báyìí? Ní ọdún 2004, John Suler, ọ̀jọ̀gbọ́n nípa ìrònú ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, kọ àpilẹ̀kọ kan lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ó ní a kò mọ ẹni tí ń sọ̀rọ̀, a kò rí ojú ara wa, èsì kì í dé lójú ẹsẹ̀. Pé ẹni tí à ń bá sọ̀rọ̀ a máa di ohùn kan lásán nínú orí wa, pé à ń rò pé eré ni, àti pé kò sí àgbà, kò sí ọmọdé níbẹ̀. Ó sì tọ̀nà láti fi kún un pé kì í ṣe ibi nìkan ni ó ń bá a wá, pé àwọn kan ń sọ ìṣòro wọn lórí ẹ̀rọ tí wọn kò jẹ́ sọ lójúkojú. A gbà pẹ̀lú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ọmọ Yorùbá yóò tètè rí, nítorí inú agbo ilé ni a ti tọ́ wa. Àwọn òǹwòran ni.

Níbi tí à ń wí yìí, ní ibùdókọ̀, bí méjì bá bọ́ sílẹ̀ láti jà, ogún ni yóò dá sí i. Ẹnìkan á di apá mú, ẹnìkan á gbá aṣọ mú láti ẹ̀yìn, ìyá arúgbó kan á ní "nítorí Ọlọ́run." Àwọn tí ń jà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin náà ti gbọ́ ẹni tí ń ké pé, "Ẹ fi mí sílẹ̀! Ẹ jẹ́ kí n kọ́ ọ lọ́gbọ́n!" tí ó jẹ́ pé bí wọ́n bá fi í sílẹ̀ lóòótọ́, kò ní mọ ohun tí yóò ṣe. Dídìmú tí wọ́n dì í mú ni ó fi ní ẹnu. Òǹwòran tí kò bá làjà, òun ni àgbà yóò bá wí lẹ́yìn náà, wọn a ní ojú rẹ ni wọ́n ṣe ń jà? Lórí fóònù, kò sí apá tí a lè dì mú. Òǹwòran tí ó wà níbẹ̀, àwòrán ẹ̀rín ni ó ń fi sí i.

Àwọn kan yóò ní ṣebí àwa Yorùbá náà ní àṣà èébú. Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹni tí ó bá wà ní Ìbàdàn lọ́jọ́ ọdún Òkèbàdàn yóò gbọ́ ohun tí etí rẹ̀ kò gbọ́ rí nípa ara òun fúnra rẹ̀, kò sì gbọdọ̀ bínú. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kan ni. Ilẹ̀ a ṣú, oníkálukú a gba ilé rẹ̀ lọ, ẹni tí ó bá tún un sọ ní ọjọ́ kejì ti wá wàhálà. Ẹ̀fẹ̀ ńkọ́, ní Kétu àti láàárín àwọn ará Yewa? Ní òru tí ó ṣáájú ìjó Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ni Ẹ̀fẹ̀ ń jáde, agọ̀ wà lójú rẹ̀, ó sì ń fi orin tú àṣírí ẹni tí ó hu ìwàkiwà ní ìlú. Ọ̀rẹ́ wa kan ní kò yàtọ̀ sí àwọn tí ń fi orúkọ èké pamọ́ lórí ẹ̀rọ ayélujára. A ní ó yàtọ̀ o! Ẹ̀fẹ̀ kì í bú ẹnikẹ́ni kí ó tó júbà: ó júbà òrìṣà, ó júbà àwọn ìyá wa, ó júbà àgbà. Ìlú ló rán an. Bí ó bá parọ́ mọ́ ẹnìkan, ìlú mọ ilé ẹni tí ó gbé agọ̀ náà.

Ó tó gẹ́ẹ́. Ẹ jẹ́ kí a wá sí orí tiwa.

Àwa ni ẹgbẹ́ yàn láti yẹ ìwé owó ọdún tí ó kọjá wò. Ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀ kan nínú oṣù Kejìlá, a ya fọ́tò ìwé owó náà, a sì fi í sórí WhatsApp kí gbogbo ènìyàn lè rí i kí ìpàdé tó kò. Kò pé wákàtí kan tí ẹ̀gbọ́n kan nínú ẹgbẹ́, ẹni tí ó ti wà nínú rẹ̀ kí àwa tó dé orílẹ̀-èdè yìí, kọ ọ̀rọ̀ sábẹ́ rẹ̀. Wọ́n ní, "Ẹ jọ̀ọ́, owó gbọ̀ngàn ti oṣù Kẹwàá, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo rí i. Ṣé ẹ̀ẹ̀mejì ni a lò ó ni? Àbí ibi tí owó ń gbà lọ nìyí?"

Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn ló wọ̀ wá lára. Inú ọkọ̀ ojú irin ni a wà, à ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀, ìparí ọdún sì ni, nígbà tí akáǹtáǹtì kì í rí oorun sùn. À bá ti gbé ìwé owó náà wò. A kò gbé e wò. A kọ ọ́ pé àwọn tí kì í san owó ẹgbẹ́ wọn lásìkò kò ní ẹnu láti bèèrè ọ̀rọ̀ owó, àti pé ìwé owó kì í ṣe tẹ́tẹ́ púùlù tí ènìyàn lè máa fi gíláàsì ojú wá nọ́ńbà inú rẹ̀. Nígbà tí a kọ ọ́, ó dùn mọ́ wa. Kí ọkọ̀ tó dé ibùdó tí ó kàn, ènìyàn mọ́kànlá ti fi àwòrán ẹ̀rín sí i.

Ohun tí ó tẹ̀lé e kì í ṣe àwa ló kọ ọ́, ṣùgbọ́n àwa ló ṣílẹ̀kùn fún un. Ẹnìkan sọ̀rọ̀ nípa ìlú ẹ̀gbọ́n. Ẹnìkan tí kò ní fọ́tò, tí ó jẹ́ àmì ìdánudúró kan ṣoṣo ló fi ṣe orúkọ, tí a kò sì tíì mọ ẹni tí ó jẹ́ títí di òní, sọ̀rọ̀ nípa ìyàwó wọn. Kò sí ẹni tí ó ní "ó tó." Ọ̀pọ̀ nínú wa tí a jí kà á ní òru gbé fóònù kalẹ̀, a sùn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọ̀rọ̀ mẹ́tàdínláàádọ́ta ló wà níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sí ìsàlẹ̀ gbogbo rẹ̀: "Ẹ ṣeun." Lẹ́yìn rẹ̀ ni fóònù sọ fún wa pé wọ́n ti jáde.

Ìyàwó wọn ló ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní Yorùbá ní àràárọ̀ Sátidé. Ẹ̀yin òbí mọ̀ ọ́n. Ọmọ mẹ́rìnlá ló jókòó sínú gbọ̀ngàn ní Sátidé yẹn pẹ̀lú ìwé wọn títí di aago méjìlá kù díẹ̀. Nígbà tí a lọ mú àbíkẹ́yìn wa, ó ní, "Ṣé ara Màmá Tíṣà kò yá ni?" A ní a kò mọ̀. Irọ́ ni a pa. Láti ìgbà náà, kíláàsì kò tíì wọlé.

Nínú oṣù Kìn-ín-ní ni a tó jókòó ti ìwé owó náà. Ẹ̀gbọ́n ló jàre. Ẹ̀ẹ̀kan ni a lo gbọ̀ngàn ní oṣù Kẹwàá. A ti kọ £90 náà sílẹ̀ láti inú ìwé báńkì, a sì tún ti kọ ọ́ láti inú rísíìtì. Owó kò sọnù, kò sí ẹni tí ó jí i. Àpapọ̀ ló ṣì. Irú àṣìṣe yìí ni a máa ń bá àwọn ọ̀dọ́ tí ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ wa wí. A kọ àtúnṣe sórí WhatsApp pẹ̀lú ẹ̀bẹ̀. Àwọn mẹ́tàlá fi àwòrán àtàǹpàkò sí i. Ẹni tí ó ni ẹ̀bẹ̀ náà kò sí níbẹ̀ mọ́ láti kà á. Nínú Transition, ẹni tí ó ka ẹ̀sùn náà rí èsì nínú ìwé kan náà. Níbi tiwa, ẹ̀sùn dé etí gbogbo ayé, àtúnṣe kò sì dé ọ̀dọ̀ ẹnìkan ṣoṣo tí ó tọ́ sí.

Nísinsìnyí ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ ti mú àbá kan wá, a ó sì dìbò lé e lórí ní ìpàdé tí ń bọ̀: pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe bèèrè ọ̀rọ̀ owó lórí WhatsApp mọ́, pé kìkì ìkíni ọjọ́ ìbí, ìkéde òkú àti àdúrà ni kí a máa fi síbẹ̀. A mọ̀ pé àlàáfíà ni wọ́n ń wá. Ṣùgbọ́n àwa tí a jẹ̀bi ọ̀rọ̀ yìí ni a ń sọ pé kí ẹ má gbà á. Ìbéèrè kọ́ ló ba ilé jẹ́. Ìbéèrè ẹ̀gbọ́n ni ohun tí ó dára jù lọ tí a kọ sórí fóònù yẹn ní gbogbo ọdún, àní pẹ̀lú ìrù tí ó gún ni lára. Ẹgbẹ́ tí ẹnu rẹ̀ dùn nítorí pé kò sí ẹni tí ó lè bèèrè owó rẹ̀, a ti rí irú rẹ̀ rí lẹ́nu iṣẹ́ wa, a sì mọ bí ìwé owó wọn ṣe máa ń rí ní ọdún kẹta. Ohun tí a ó tọrọ ni pé kí a yọ ẹnikẹ́ni tí a kò mọ orúkọ rẹ̀ kúrò. Kí ẹni tí ó bá ní ẹ̀sùn sọ ìlà tí ó ń wí, bí ẹ̀gbọ́n ti ṣe. Kí ìwé ìròyìn yìí sì máa tẹ ìbéèrè àti ìdáhùn pọ̀ ní ojú ewé kan náà. Àti pé kí a yan àgbà méjì tí iṣẹ́ wọn kò ju kí wọ́n pe ènìyàn lórí fóònù ní òru náà gan-an, kí wọ́n ní, "Ó tó, lọ sùn." Bí ẹnìkan bá ti pè wá nínú ọkọ̀ ojú irin yẹn, à bá bínú sí i. À bá sì gbọ́.

A ti tẹ ìwé owó náà lákọ̀tun: gbọ̀ngàn, oṣù Kẹwàá, £90, ẹ̀ẹ̀kan. Ní ọjọ́ Àìkú tí ń bọ̀, lẹ́yìn ìsìn, a ó gbé ẹ̀dà kan lọ sí ilé ẹ̀gbọ́n fúnra wa. A ti pè síwájú, ìyàwó wọn ló gbé fóònù. Wọ́n béèrè àlàáfíà àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan, títí kan àbíkẹ́yìn. Wọ́n ní kí a máa bọ̀, ṣùgbọ́n pé ọkọ àwọn kò tíì sọ bóyá wọn yóò wà nílé.